Ìwé àṣẹ agbaṣẹ́ṣe ilé kíkọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Agbaṣẹ́ṣe ilé kíkọ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí kọngílá, ni ẹni tàbí ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ onílé, tó kó bírìkìlà, káfíńtà, àwọn tó ń di irin àti lébìrà jọ, tó sì ń bójú tó iṣẹ́ náà títí ilé yóò fi dúró. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kò sí ìwé àṣẹ kan ṣoṣo tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó tó lè pe ara rẹ̀ ní agbaṣẹ́ṣe. Ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òfin ń wò: ìwé ilé-iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ìwé àwọn onímọ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wọn, àti ìwé àṣẹ ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ gan-an lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì. Ibi tí wọ́n ti fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí agbára ìjọba ìbílẹ̀ mọ

Ohun tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ wà nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti rí owó orí ilé, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ara ilé, ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìsìnkú, kíkó ìdọ̀tí, àti ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ọpọ́n àti ọmọlanke. Iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ilé kò sí nínú rẹ̀. Òfin ti 1998 tó to owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà lẹ́sẹẹsẹ kò dárúkọ rẹ̀ náà. Káńsù lè gba owó ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe tó bá ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ kì í ṣe owó láísẹ́ǹsì lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ilé àti káńsù rí láyé àtijọ́. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Àjọ yìí ló wó àwọn ilé tó há mọ́ra ní Erékùṣù Èkó ní àwọn ọdún 1950, tó sì kó ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ní àwọn ìlú Yorùbá yòókù, káńsù ló ń wo pulánì, àwọn àgbàlagbà sì ṣì rántí wolé-wolé tó ń ti àgbàlá kan bọ́ sí òmíràn, tó ń wo ṣáláńgá, kànga àti bí ilé ṣe súnmọ́ra tó.

Òfin 88 ti 1992, tí ìjọba ológun ṣe, pín ètò ìlú sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ẹni tó ni àṣẹ ètò ìlú, ní 2003 sì ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni ín. Lórí ìdájọ́ yẹn ni òfin ètò ìlú ti Èkó ti 2010, tó jáde lásìkò Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, dúró lé. Òfin náà gbé iṣẹ́ lé àjọ mẹ́ta lọ́wọ́. LASPPPA ń fọwọ́ sí pulánì. LASBCA ń ṣọ́ ilé bí wọ́n ti ń kọ́ ọ lọ́wọ́. LASURA ń tún àwọn àdúgbò tó ti bàjẹ́ ṣe. Ọ́fíìsì LASPPPA wà káàkiri agbègbè ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ agbègbè náà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ará Èkó títí dòní ń sọ pé “káńsù ló fọwọ́ sí ilé mi.”

Ìwé ilé-iṣẹ́

Agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ lo orúkọ tó yàtọ̀ sí tirẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020. Ó lè jẹ́ orúkọ ìṣòwò lásán, ó sì lè jẹ́ kọ́ńpìnnì. Ìwé yìí rọrùn láti gbà, ìyẹn ni kò fi yẹ kí onílé gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan. CAC kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń po kọnkéré.

Iṣẹ́ ìjọba ní tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ríra ọjà àti gbígbé iṣẹ́ fúnni ti 2007 sọ pé agbaṣẹ́ṣe tó ń wá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ ti san owó orí, owó ìfẹ̀yìntì àti owó ààbò òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń béèrè ìwé ẹ̀rí owó orí, ìwé PenCom (ti owó ìfẹ̀yìntì), ìwé ITF (ti owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́) àti ìwé NSITF (ti owó ààbò òṣìṣẹ́) lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó ṣí àpò ìwé iye owó tó mú wá. Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ àti òfin tirẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti 2011. Ìyá tó fẹ́ kọ́ ilé yàrá mẹ́rin sí Ìkòròdú kì í béèrè ọ̀kankan nínú ìwé wọ̀nyí, òfin kò sì fi dandan lé e pé kí ó béèrè.

Àwọn onímọ̀ àti òǹtẹ̀ wọn

Òfin kò retí pé kí agbaṣẹ́ṣe mọ gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀, ohun tó retí ni pé kí àwọn tó mọ̀ ọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ayàwòrán ilé gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ARCON, àjọ tí òfin 1969 dá sílẹ̀. Ẹnjiníà tó ṣírò bí irin ṣe máa pọ̀ tó nínú òpó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé COREN, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ní àjọ tiwọn, àwọn tó ń ṣírò iye owó iṣẹ́ náà ní tiwọn.

Èyí tó súnmọ́ agbaṣẹ́ṣe jù lọ ni CORBON, tí òfin 1989 dá sílẹ̀. Àjọ yìí ń forúkọ àwọn tó kàwé gboyè nínú ilé kíkọ́ sílẹ̀, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní àwọn ibi bíi Yunifásítì Èkó àti OAU n'Ílé-Ifẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí yàtọ̀ sí ti ẹnjiníà, ó sì yàtọ̀ sí ti ayàwòrán. Ayàwòrán ń sọ bí ilé yóò ṣe rí, ẹnjiníà ń sọ ohun tí yóò gbé e ró, onímọ̀ ilé kíkọ́ sì ni ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìwé àwọn méjèèjì di ilé. Ìlànà Ilé Kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè, tó jáde ní 2006, fi sí ọwọ́ rẹ̀ láti kọ ètò bí iṣẹ́ yóò ṣe tẹ̀ léra, ètò bí wọn yóò ṣe máa yẹ dídára iṣẹ́ wò, àti ètò ààbò àwọn òṣìṣẹ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti gba ìlànà náà wọlé sínú òfin tirẹ̀ kí ó tó lè múlẹ̀ níbẹ̀.

Bírìkìlà tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ lè mọ ìdíwọ̀n kọnkéré sórí, páànù sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn méjì sí òkúta mẹ́rin, kí ó sì fi ọwọ́ kan yanrìn kí ó mọ̀ pé amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ìmọ̀ gidi ni, ó sì yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ìmọ̀ yẹn kò lè sọ fún un bóyá òpó tí wọ́n ṣírò fún àjà méjì lè gbé àjà mẹ́rin.

Ìwé àṣẹ ilé

Onílé ló ń béèrè ìwé àṣẹ ilé lọ́dọ̀ LASPPPA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe tàbí ayàwòrán ló sábà máa ń sáré rẹ̀. Wọ́n á mú ẹ̀rí pé ilẹ̀ jẹ́ tiwọn wá, irú bí C of O (ìwé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni), pẹ̀lú sọ̀fé ilẹ̀ náà, àwòrán ilé, àwòrán àti ìṣirò ẹnjiníà, àwòrán iná àti omi, àti ìwé ẹ̀rí owó orí. Bí ilé bá ga, wọ́n á tún mú èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ wá, nítorí ilẹ̀ àbàtà Lẹ́kí àti ilẹ̀ pupa Àgége kò lè gba ìpìlẹ̀ kan náà.

Nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí, lẹ́tà àbójútó ló wúwo jù. Inú lẹ́tà yìí ni ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ ti ń fọwọ́ sí i pé òun ni yóò dúró ti iṣẹ́ náà. Bí ẹnjiníà bá kàn ta òǹtẹ̀ rẹ̀ tí kò sì yọjú síbi iṣẹ́ mọ́, gbogbo ìwé tó kù di òfìfo, agbaṣẹ́ṣe ló sì kù tó ń ṣe bó ṣe wù ú.

Pulánì tí wọ́n fọwọ́ sí kò tíì túmọ̀ sí pé kí wọ́n gbé ṣọ́bìrì. Àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tún kù, èyí sì wà lọ́wọ́ LASBCA. Ibí ni orúkọ agbaṣẹ́ṣe àti ti àwọn onímọ̀ ti ń wọnú fáìlì ìjọba. Ibí náà ni wọ́n ti ń béèrè ìnṣọ́ránsì: láti ìgbà òfin ìnṣọ́ránsì ti 2003 ni ó ti di dandan kí ẹni tó bá ń kọ́ ilé tó ju àjà méjì lọ ra ìnṣọ́ránsì fún ewu tó lè ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé pátákó síwájú ibi iṣẹ́, tí nọ́ńbà ìwé àṣẹ àti orúkọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà wà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, òṣìṣẹ́ LASBCA ní láti wá wo iṣẹ́ ní ìpele-ìpele: ìpìlẹ̀, òpó, dẹ́kìn, títí dé òrùlé. Ó yẹ kí ó rí irin kí wọ́n tó da kọnkéré lé e, nítorí bí kọnkéré bá ti bò ó, kò sí ojú tó lè kà á mọ́. Wọ́n tún máa ń bu díẹ̀ nínú kọnkéré náà sínú àpótí irin kékeré. Bó bá ti gan, wọ́n á fọ́ ọ lábẹ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ keje àti lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n láti mọ ìwúwo tó lè gbà. Èkó ní ilé àyẹ̀wò tirẹ̀ fún èyí, tí wọ́n ń pè ní LSMTL. Bí iṣẹ́ bá parí tí ohun gbogbo sì tọ́, LASBCA á fún ilé náà ní ìwé ẹ̀rí pé ènìyàn lè gbé inú rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣe lòdì sí èyí yóò kọ́kọ́ rí ìwé ìkìlọ̀, lẹ́yìn náà ìwé tó ní kí ó dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n lè ti ibi iṣẹ́ pa. Àmì X pupa tí gbogbo Èkó mọ̀ lára ògiri, tó ń sọ pé wọ́n fẹ́ wó ilé náà, ni èyí tó ń dẹ́rù bani jù.

Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀

Agbaṣẹ́ṣe tó bá dé ibi iṣẹ́ tuntun máa ń bá àwọn tó ń gba owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé, owó dẹ́kìn pàdé, nígbà mìíràn pẹ̀lú rìsíìtì tí wọ́n tẹ̀ dáadáa. Rìsíìtì yìí kì í ṣe ìwé àṣẹ. Òfin ààbò dúkìá ti Èkó, tí Gómìnà Akínwùnmí Ambode buwọ́ lù ní 2016, ka irú owó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìpalára tó ń ṣe kọjá owó náà nìkan: onílé tó ti san owó fún ọmọ onílẹ̀ títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi gbẹ máa ń wá ibi tí yóò ti dín ìnáwó kù, ó sì sábà máa ń dín in kù lára irin àti owó onímọ̀.

Àlàfo inú ètò náà

Ìwé wà fún ilé, ìwé wà fún ẹnjiníà, ìwé wà fún kọ́ńpìnnì. Kò sí èyí tó jẹ́rìí pé agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà. Ìlú mìíràn wà tí wọ́n ti ṣe é lọ́nà tó yàtọ̀. Ní Chicago, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, ìjọba ìlú ló ń fún agbaṣẹ́ṣe ní láísẹ́ǹsì, ó sì pín in sí ipele márùn-ún, A sí E, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ṣe tóbi tó. Ẹni tó wà ní ipele E kò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ tó ju dọ́là 500,000 lọ. Ẹni tó wà ní A kò ní ààlà. Wọ́n ń béèrè ìnṣọ́ránsì ní ipele kọ̀ọ̀kan. Texas ní tirẹ̀ kò ní láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe àgbà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ṣe iná àti àwọn pọ́lọ́ńbà gbọ́dọ̀ ní in, nítorí náà Nàìjíríà kọ́ ni àlàfo yìí wà nìkan.

Ohun tó jẹ́ kí ó ká àwọn ará Èkó lára ni iye ẹ̀mí tó ti lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue ní Ìkọ̀tún dà wó, ènìyàn 116 sì kú, ọ̀pọ̀ wọn láti South Africa. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé kan tí ilé-ìwé wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fáàjí, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tó kú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí wó lu àwọn òṣìṣẹ́, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 40. Lẹ́nu oṣù mélòó kan ṣáájú ni LASBCA ti kọ́kọ́ ti ibi iṣẹ́ yẹn pa, kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Yíyẹ ìwé agbaṣẹ́ṣe wò

Orúkọ kọ́ńpìnnì ṣeé yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ CAC. Nọ́ńbà ẹnjiníà àti ti onímọ̀ ilé kíkọ́ wà lára òǹtẹ̀ wọn, a sì lè béèrè lọ́dọ̀ COREN àti CORBON bóyá ẹni náà ṣì wà nínú ìwé. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ ilé wà lórí pátákó iwájú ibi iṣẹ́. Ọ́fíìsì LASPPPA ti agbègbè náà lè sọ iye àjà tí wọ́n fọwọ́ sí fún un, aládùúgbò tó bá sì rí i pé àjà tó ń gòkè ti ju iye yẹn lọ lè mú ọ̀rọ̀ náà tọ LASBCA lọ.