QFI: Báwo ni awakọ̀ bàálù ológun ṣe ń di olùkọ́?

QFI (Qualified Flying Instructor) ni wọ́n ń pe awakọ̀ bàálù tó ti gbàwé ẹ̀rí láti kọ́ ẹlòmíràn ní RAF, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn lè mọ bàálù wà dójú àmì kó má sì lè fi kọ́ni. Iṣẹ́ Central Flying School, ilé ẹ̀kọ́ tó ń sọ awakọ̀ di olùkọ́ ní RAF, nìyẹn. Ọdún 1912 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Upavon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1917, Robert Smith-Barry, awakọ̀ bàálù ológun, bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tuntun ní Gosport: ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ máa wa bàálù, olùkọ́ sì ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ọ̀pá rọ́bà tó so wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló le jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n ń pè é ní patter: ohun tí olùkọ́ ń sọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣe é. Ká ní bàálù fẹ́ yà sósì. "Wo ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. Mo tẹ igi ìdarí sósì, ẹsẹ̀ òsì bá a lọ. Ó ti tẹ̀ tó. Mo dá igi padà sáàárín, mo fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí imú má baà wolẹ̀." Bí ọ̀rọ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì pẹ́, nǹkan mìíràn ni akẹ́kọ̀ọ́ máa so ó mọ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ a máa sọ̀rọ̀ jù. Wọ́n á jókòó sórí àga nílẹ̀, wọ́n á máa sọ ọ́, wọ́n á máa ṣe é, títí ẹnu àti ọwọ́ yóò fi bára mu.

Lẹ́yìn náà, olùkọ́ àgbà á ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́, á sì máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣàṣìṣe. Bí bàálù bá ń wálẹ̀ nígbà tó ń yà, "o ti ń wálẹ̀" kò tó. Ó lè jẹ́ pé àwọn aago inú bàálù ni akẹ́kọ̀ọ́ tẹjú mọ́, tí kò wo òde. Ìyẹn gan-an ni kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ sọ.

Ẹni tó bá yege di B2, ìpele àkọ́kọ́ olùkọ́, wọ́n á sì máa ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ìrírí àti ìdánwò, ní afẹ́fẹ́ àti nílẹ̀, ló ń gbé e dé B1, A2, àti A1 tí kì í pọ̀.

Ta ló ń wa bàálù báyìí? Ẹni tó gba igi ìdarí gbọ́dọ̀ wí i, ẹnì kejì á sì dáhùn; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni méjì á jọ dì í mú, tàbí kí ẹnikẹ́ni má dì í mú. Níbi ìbalẹ̀, bí olùkọ́ bá tètè gbà á, akẹ́kọ̀ọ́ kò rí àṣìṣe rẹ̀. Bó bá pẹ́, bàálù á fi táyà gbálẹ̀ gbàà. Ọwọ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ sún mọ́ igi láìkàn án, torí bó bá kàn án, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ̀ bóyá òun ló gbé bàálù balẹ̀.