Gíábọ́ọ̀sì oníklọ́ọ̀ṣì méjì: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti fọwọ́ ara mi rí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ mi níbí ní Ìkòròdú, ará àdúgbò ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Bí ọkọ̀ ẹnì kan bá ti gbọ̀n báyìí, "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá bá wa wò ó". Mi ò kìí ṣe mẹkáníìkì o, iṣẹ́ iná ni mo kọ́, mítà tí a fi ń wọn iná ló máa ń wà lápò mi. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mi jù ni mo kó síbí, kí n lè dákẹ́ díẹ̀.

Ọkọ̀ mi ò ní ẹsẹ̀ klọ́ọ̀ṣì, ọtomátíìkì ni, báwo ni wọ́n ṣe wá ní klọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ti jó?

Ó jọ ọtomátíìkì lójú ni, àmọ́ nínú lọ́hùn-ún, gíábọ́ọ̀sì mánúwà méjì ni wọ́n kó sínú ilé kan. Ọ̀kan ló ni gíà 1, 3 àti 5, ìkejì ló ni 2, 4 àti 6, kálukú dẹ̀ ní klọ́ọ̀ṣì tiẹ̀, ìyẹn ohun tó ń so ẹ̀ńjìnnì mọ́ gíà tó dẹ̀ ń já a. Bí ẹ ṣe ń lọ lórí 3 báyìí, 4 ti wọlé ó ti ń dúró, tí àsìkò bá tó, klọ́ọ̀ṣì kan á jáwọ́, èkejì á gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni méjì tó ń gba korobá omi lọ́wọ́ ara wọn láìjẹ́ kó dà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brénbọ́ọ̀sì ló ń bá yín tẹ klọ́ọ̀ṣì náà. Golf R32 ti ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí nínú ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn lè rà, lẹ́yìn náà ló wá dé inú Ford Focus àti Fiesta àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tó ń ti Yúróòpù wá.

Irú méjì ló wà, ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án: ọ̀kan, klọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì, ìkejì, klọ́ọ̀ṣì ẹ̀ gbẹ táútáú, ọ́ìlì ò gbọdọ̀ kàn án rárá. Ti Fiesta àti púpọ̀ nínú Focus yẹn, gbígbẹ ni. Èyí tí Volkswagen fi sínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké, oní gíà 7, gbígbẹ lòun náà.

Tí mo bá fẹ́ gbéra nínú gosiló láti Ògólóńtò dé Máìlì 12, ọkọ̀ á máa gbọ̀n rìrì. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra gíábọ́ọ̀sì míì. Ṣé òótọ́ ni?

Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ báwo ló ṣe mọ̀? Ohun tí mo máa ń bi wọ́n nìyẹn, wọn kìí dẹ̀ ní ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kó di àárọ̀ Sunday, kí ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ sójú ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ò tíì pọ̀. Ẹ gbé gíà síbi tí ẹ ti lè fọwọ́ yí i fúnra yín, kí ẹ wá máa gbọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbéra lórí 1, ṣé ó gbọ̀n? Bọ́ sí 2, ṣé ẹ̀ńjìnnì kàn ké sókè tí ọkọ̀ ò dẹ̀ kún eré? 3 ńkọ́? 4? Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù. Tó bá jẹ́ 1, 3 àti 5 ló ń ṣe wèrè tí 2, 4 àti 6 ń lọ jẹ́jẹ́, ẹ ti mọ klọ́ọ̀ṣì tó ń sunkún nìyẹn, ẹ ò dẹ̀ tíì tú nọ́ọ̀tì kankan. Rifáàsì náà máa ń bá ẹgbẹ́ kan rìn: nínú ti Focus àti ti Volkswagen oní gíà 7, ẹgbẹ́ 2-4-6 ló wà, àmọ́ nínú oní gíà 6 tó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì, ẹgbẹ́ 1-3-5 ló bá lọ, torí náà ẹ má kàn há a sórí bí àdúrà.

Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe bákan náà, ẹgbẹ́ méjèèjì, ẹ sinmi ọ̀rọ̀ klọ́ọ̀ṣì ná. Ó ṣòro kí klọ́ọ̀ṣì méjì kú lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń lò ni kí ẹ wá lọ: iná, brénbọ́ọ̀sì, wáyà, tàbí pọ́ǹpù tó ń tì wọ́n. Nínú Focus àti Fiesta, ọ́ìlì tó ń jò gba síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́, lọ sára klọ́ọ̀ṣì náà wà níbẹ̀, Ford fúnra wọn mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n fi kún wáráńtì klọ́ọ̀ṣì àti síìlì ẹ̀ dé ọdún 7 tàbí 100,000 máìlì, ti brénbọ́ọ̀sì dé ọdún 10 tàbí 150,000 máìlì, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún o, kò kan èyí tí ẹ rà ní Bẹ́ẹ̀gà.

Iná kẹ̀? Kí ló pa iná pọ̀ mọ́ gíà?

Ibí yìí gan-an ni mo ti rí tèmi. Lọ́jọ́ yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí bíríìjì Májídùn ni ọkọ̀ gbé gbogbo iná wọ̀ǹgà-wọ̀ǹgà yẹn sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò wọ gíà mọ́, wọ́n wọ́ ọ délé ni. Ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó ní gíábọ́ọ̀sì ti lọ, iye tó pè, ó kù díẹ̀ kó ra Màrúwá. Mo ní kó jẹ́ n sùn lé e.

Lówùúrọ̀ mo gbé mítà jáde. Bátìrì mú 12.6 fóòtì kí n tó sítáàtì ọkọ̀, ìyẹn dáa. Mo wá fi ẹnu mítà kan sórí négétíìfù bátìrì, èkejì sára irin gíábọ́ọ̀sì, mo ní kí ọmọ mi máa sítáàtì ọkọ̀. Tí wáyà ilẹ̀, èyí tó so négétíìfù bátìrì mọ́ irin ọkọ̀, bá dáa, kò yẹ kí mítà yẹn kúrò nítòsí òdo, 0.2 ó pọ̀ tán 0.5. Tèmi kà 1.3! Mo bá tú ibi tí wọ́n gbé bátìrì lé, mo rí wáyà ilẹ̀ náà lábẹ́ ẹ̀, ó ti yọ àwọ̀ ewé bí kọ́bọ̀ àtijọ́, nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ sọ́wọ́ mi. Omi ojú títì yìí ló jẹ ẹ́. Mo gé e, mo fi wáyà tuntun sí i, mo fi sandpaper nu ojú irin. Ọkọ̀ yẹn ni mo ṣì ń gbé lọ síbi iṣẹ́ dòní.

Brénbọ́ọ̀sì ò lè tẹ klọ́ọ̀ṣì dáadáa tí iná ò bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ pé, ó kàn máa kó àwọn kóòdù, àmì àṣìṣe tó ń kọ pamọ́, tó ń bani lẹ́rù jọ ni.

Wọ́n ti bá mi scan ọkọ̀, kò mú kóòdù kankan. Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe é nìyẹn?

Irú scanner wo? Kékeré tí wọ́n ń tà káàkiri yẹn, ẹ̀ńjìnnì nìkan ni púpọ̀ nínú wọn ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ fẹ́ èyí tó lè wọ inú brénbọ́ọ̀sì gíà lọ. Fún Ford, FORScan lórí laptop, fún Volkswagen, VCDS tàbí OBDeleven.

Tó bá mú U0101, ìyẹn ni pé àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń pe ti gíà, kò dáhùn, ẹ wo iná àti wáyà ẹ̀ kí ẹ tó dá a lẹ́bi. P0902 nínú Focus, iná tó ń lọ sí mọ́tò tó ń tẹ klọ́ọ̀ṣì ló ní ìṣòro, brénbọ́ọ̀sì náà gan-an ló dẹ̀ sábà máa ń jẹ́. P189C tàbí P17BF nínú Volkswagen oní gíà 7, ọ̀rọ̀ agbára ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì ni, ó ti ń jò níbì kan tàbí kí ilé ẹ̀ ti sán.

Bọ̀dá kan ní kí n da ọ́ìlì gíà kún un, pé ó máa rọ̀.

Ẹ gba ọ́ìlì yẹn lọ́wọ́ ẹ̀! Ọ́ìlì ọtomátíìkì tí ẹ ń dà sínú Camry kọ́ ló ń mu. Èyí tó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì ní ọ́ìlì tiẹ̀, ti Volkswagen oní gíà 6 yẹn, wọ́n ní kí ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ ní 60,000 kìlómítà. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ò dẹ̀ kéré o: lọ́dún 2013, ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù 1.6 ni Volkswagen ní kí wọ́n kó padà wá, káàkiri ayé, torí pé ọ́ìlì tó wà nínú oní gíà 7 lè jẹ́ kí iná inú ẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀tì níbi tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti pọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin, ẹ sọ fún mi ibi tó tún jọ Ìkòròdú.

Ṣé kí n lọ ra brénbọ́ọ̀sì tòkúnbọ̀ ní Òwòdé Onírin, ó rọjú níbẹ̀?

Ó rọjú, àmọ́ ọkọ̀ míì ló mọ̀, tiyín kọ́. Tí ẹni tó ní irinṣẹ́ ẹ̀ ò bá bá yín kọ ọ́ tuntun, ó lè má jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn sítáàtì rárá. Klọ́ọ̀ṣì tuntun náà bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọ níbi tó ti ń mú, tí wọn ò bá ṣe é, yóò máa gbọ̀n bí èyí tí ẹ yọ, ẹ ó wá máa pariwo pé wọ́n ta gbàǹjo fún yín.

Mo fẹ́ ra ọ̀kan lọ́la. Kí ni kí n wò?

Ẹ wà á tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó gbóná dáadáa, nínú gosiló ni kó jẹ́, ẹ má wà á lójú títì gbọọrọ. Ẹ fi rifáàsì gun òkè kékeré kan, kí ẹ wá yọ imú síta bóyá ẹ ó gbọ́ òórùn bíi ti bíréèkì tó jóná. Tí ẹni tó ń tà á bá ní epo inú ẹ̀ ò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ lọ ra gálọ́ọ̀nù kan. Tó bá tún ní rárá, ẹ wọ Kòròpé padà sílé.