Ìdí tí fóltéèjì fi ń já bọ́ bí ṣájà bá ti ń ṣiṣẹ́

Àwọn tó ń fi dírónù àfọwọ́tò ya àríyá ní Kàbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà mọ̀ ọ́n dáadáa. Power supply, àpótí tó ń sọ iná ògiri di iná kékeré fún ṣájà, á fi fóòtì (volt) 12 hàn nígbà tí wọn ò tíì so nǹkan kan mọ́ ọn. Bí wọ́n bá so ṣájà bátìrì LiPo, irú bátìrì tí dírónù ń lò, mọ́ ọn, mítà ẹnu ṣájà á já sí 11.4. Iná NEPA ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Power supply òde òní tó fúyẹ́, tí wọ́n kọ 100–240 sí lára, kò ka iná ògiri tó rẹ̀ sí 160 sí nǹkan kan. Yóò kàn fa áńpù púpọ̀ sí i láti ara ògiri ni, fóòtì 12 rẹ̀ yóò sì dúró. Ti àtijọ́ tó wúwo bí òkúta, tí kò ní ohun tó ń ká fóltéèjì lọ́wọ́ kò, ló máa ń bá iná ògiri lọ sókè sódò.

Wáyà ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí oníbodè ni wáyà ṣe rí: bí áńpù tó ń kọjá bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni fóltéèjì tó ń gbà lọ́wọ́ iná ṣe máa pọ̀ tó. Wáyà bàbà 1.5, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe iná gílóòbù, ní nǹkan bíi 0.012 ohm (òṣùwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà tó) nínú mítà kan. Bí ṣájà bá jìnnà sí power supply ní mítà 3, mítà 6 ni iná ń rìn, nítorí ó ń lọ, ó sì ń padà (ìpadà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà). 0.072 ohm nìyẹn.

Ẹ mú bátìrì 4S (sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn), 5000 mAh, tí wọ́n ń fi áńpù 5 ṣájì. Bí ó bá ti fẹ́ kún, fóòtì 16.8 ló wà lára rẹ̀; ẹ fi áńpù 5 sọ ọ́ di púpọ̀, wáàtì 84 nìyẹn. Ṣájà fúnra rẹ̀ ń fi díẹ̀ ṣòfò, nítorí náà yóò fẹ́ wáàtì 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó tó áńpù 8 láti inú fóòtì 12. Áńpù 8 nínú 0.072 ohm, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fóòtì 0.6 tó ṣègbé sínú wáyà.

Ibi tó ti le nìyí: wáàtì ni ṣájà ń béèrè, kì í ṣe áńpù. Bí fóltéèjì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá dín kù, yóò fa áńpù sí i kí wáàtì rẹ̀ má bàa dín, áńpù tó lé sì tún gbé fóltéèjì sílẹ̀. Pẹ̀lú áńpù 5, ọ̀rọ̀ náà máa ń dúró níbì kan. Ẹni tó bá fẹ́ yára, tó gbé e sí áńpù 10, á bá fóltéèjì ẹnu ṣájà ní nǹkan bíi 10.7. Ọ̀pọ̀ ṣájà sì wà tí kì í gbà kó wọlẹ̀ kọjá 11. Wọ́n á pariwo, wọ́n á sì dáwọ́ dúró.

Ìdí nìyí tí ṣájà fi lè bẹ̀rẹ̀ láìsí wàhálà, kó wá kú láàárín méjì. Nígbà tí bátìrì wà ní fóòtì 14, áńpù 5 kan náà jẹ́ wáàtì 70 péré. Bí bátìrì ṣe ń kún ni ẹrù ń wúwo sí i, ó sì máa ń wúwo jù ní kété tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ kan 4.2. Lẹ́yìn ìyẹn ni áńpù á bẹ̀rẹ̀ sí í dín, tí fóltéèjì á sì gun òkè padà.

Kí ẹ wọn fóltéèjì nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Èyí tí ẹ wọn lófìfo kò wúlò rárá. Wọn ẹnu power supply, kí ẹ sì wọn ẹnu ṣájà. Bí ti àkọ́kọ́ bá dúró ní 12, tí ti ìkejì wálẹ̀, wáyà tàbí oríkèé ni. Bí àwọn méjèèjì bá jọ wálẹ̀, ẹrù ti ju agbára power supply lọ. Wáyà 2.5 tí wọ́n fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n gé kúrú, máa ń tán ti wáyà. Èyí tó dára jù, bí ṣájà bá gbà á, ni power supply fóòtì 24: áńpù 8 di 4, wáàtì tó ń ṣòfò sínú wáyà sì di ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó ń fi bátìrì mọ́tò ṣájì lóko, kó fọwọ́ kan kílíìpù rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Èyí tó bá gbóná ju èkejì lọ ló ń jẹ fóltéèjì. Ìpẹtà ló sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀.