Kí ni stucco lára ilé ìgbà Regency?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ilé ńlá ìgbà Regency ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti òkúta, ìlà orí-kò-orí òkúta sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, bíríkì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Rírẹ́ ni wọ́n rẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ni stucco.

Ọdún 1811 sí 1820 ni Regency gan-an, nígbà tí George Kẹta ń ṣàìsàn tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe adelé ọba. Àwọn tó mọ̀ nípa ilé máa ń nà án dé 1830. Òkúta dáadáa wọ́n nígbà náà, ìjọba sì ti ń gba owó orí lórí bíríkì láti 1784. Onílé á wá ra bíríkì tí kò fi bẹ́ẹ̀ dára, á rẹ́ ojú rẹ̀, ó parí. John Nash, ayàwòrán ilé, ló lórúkọ jù nídìí iṣẹ́ yìí, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa nítorí rẹ̀. Ilé Cronkhill tó kọ́ ní Shropshire ní nǹkan bí 1802, èyí tó ní ilé ìṣọ́ rìbìtì kan, jẹ́ àpẹẹrẹ tó yẹ ní wíwò.

Láìmù àti yanrìn ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ní 1796, James Parker gba ìwé àṣẹ lórí ohun tí wọ́n wá ń pè ní símẹ́ńtì Róòmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ti Róòmù wá. Kókó òkúta amọ̀ tí wọ́n ń ṣà ní etíkun erékùṣù Sheppey ni wọ́n ń sun, tí wọ́n á lọ̀ kúnná. Ó pọ́n rúsúrúsú, òjò kì í tètè ràn án, ó sì máa ń gan láàárín ìṣẹ́jú bíi 15. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni bíríkìlà ń pò ó. Kó tó gan tán ni wọ́n ti ń fi irin fa ìlà sí i lára, kó lè dà bí òkúta tí wọ́n tò. Wọ́n á wá kùn ún.

Bí o bá yí sẹ́yìn ilé náà, wàá rí ibi tí owó ti tán. Ilé ẹṣin àti ilé ìpọntí sábà máa ń wà ní bíríkì lásán, àyàfi ẹ̀gbẹ́ tí àlejò lè rí.

Omi ni ọ̀tá stucco. Gọ́tà á dí, omi á máa ṣàn sára ògiri. Ògiri tó lanu nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aláǹgbá kọ́ ló ń wọ̀ ọ́, omi ni. Nígbà òtútù, omi náà á dì, á fẹ̀, á sì ti stucco kúrò lára bíríkì. Fi ìka kan ògiri: ibi tó bá dún bí akèrègbè òfìfo ti ṣí nìyẹn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi símẹ́ńtì Portland, irú èyí tí à ń rà ní àpò, lẹ ibẹ̀. Ó le ju ògiri náà lọ, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde. Omi tó bá ti wọlé á wá yà sínú yàrá. Kùn á máa bó, igi tí wọ́n tẹ́ sínú ògiri á jẹrà. Kùn oníròbà kò sàn jù ú lọ.

Bí a ó bá tún un ṣe, a ó gé ibi tó ṣí kúrò dé ibi tó ṣì dì mọ́ ògiri. A ó gbá ekuru, a ó sì wọ́n omi sí bíríkì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á fa omi inú àpòpọ̀ mu. Láìmù irú èyí tó ń gan nínú omi ni ká lò, ìwọ̀n kan sí yanrìn méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta. Ìpele kan kò gbọ́dọ̀ nípọn ju mìlímítà 10 lọ, kó má baà sán. Ká ha ojú rẹ̀ kí ìpele tó ń bọ̀ lè rí ibi dì mú, ká sì fi àpò tútù bò ó lọ́wọ́ oòrùn. Bí ojú ọjọ́ bá tutù ju 5°C lọ, ká dúró. Níbi tó bá jẹ́ símẹ́ńtì Róòmù ni wọ́n lò, irú rẹ̀ ṣì ń wá láti ilẹ̀ Faransé.

Àwọn kan máa ń bó gbogbo rẹ̀ kí bíríkì lè hàn. Bíríkì yẹn kò wà fún òjò rárá, wọ́n sì lè ti ṣá a lára kí stucco lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ilé náà bá sì wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ilé tí ìjọba ń dáàbò bò, bíbó rẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin.