Ipò Pọ́ọ̀tù nínú Spanning Tree

Spanning Tree (STP) ni ìlànà tí àwọn swíìṣì (ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) fi ń ti pọ́ọ̀tù (ojú tí a ń ki wáyà bọ̀) tó bá máa dá ìyípo sílẹ̀ nígbà tí wáyà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá so wọ́n pọ̀. Radia Perlman ló gbé e kalẹ̀ ní 1985 ní Digital Equipment Corporation. IEEE (ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà iná mànàmáná) sọ ọ́ di òṣùwọ̀n 802.1D ní 1990. Férémù Ethernet (ìdì dátà tó ń gba inú wáyà kọjá) kò ní ònkà tó ń pa á bó bá pẹ́ jù lójú ọ̀nà, nítorí náà bírọ́díkáàsì (ìfiránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀rọ) kan ṣoṣo tó bọ́ sínú ìyípo á máa yí kiri, á sì máa pọ̀ sí i títí nẹ́tíwọ̀kì á fi dákú.

Àwọn ipò

Pọ́ọ̀tù tó wà ní blocking ń gbọ́ BPDU, ìfiránṣẹ́ tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá 2-2, ṣùgbọ́n kì í gbé dátà. Bó bá fẹ́ ṣí, á lo ìṣẹ́jú àáyá 15 ní listening (ìgbọ́ràn) àti 15 ní learning (kíkọ́ àdírẹ́sì àwọn ẹ̀rọ) kó tó dé forwarding (gbígbé dátà). Nígbà mìíràn á kọ́kọ́ dúró fún 20, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50. RSTP, ẹ̀dà STP tó yára (802.1w, 2001), gé ìdúró yìí kúrú púpọ̀.

Wíwá àṣìṣe

Pọ́ọ̀tù tí a tì kì í ṣe pọ́ọ̀tù tó bàjẹ́. Èyí tó ṣí láìyẹ ló léwu jù.

Ibi ìbẹ̀rẹ̀ ni root, swíìṣì olórí tí gbogbo yòókù ń wọn ọ̀nà wọn sí. Lórí swíìṣì Cisco, `show spanning-tree` á sọ ẹni tó jẹ́ root. Bí priority (nọ́ńbà tí a fi ń yan root; èyí tó kéré jù ló ń borí) gbogbo wọn bá wà ní 32768, MAC (àdírẹ́sì tí a kọ mọ́ ẹ̀rọ) tó kéré jù ló ń borí, ó sì lè jẹ́ swíìṣì ògbólógbòó tó wà ní igun yàrá. Kí a fún swíìṣì àárín ní 4096, kí a fún igbákejì rẹ̀ ní 8192. Lẹ́yìn èyí, ká wo cost (nọ́ńbà tí STP fi ń wọn ọ̀nà): 19 ni ti 100 Mb/s, 4 ni ti 1 Gb/s. Bí wáyà gígábíìtì bá ń fi 19 hàn, ó ṣeé ṣe kí okùn kan ti já nínú rẹ̀, torí gígábíìtì nílò okùn méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin (mẹ́jọ), 100 Mb/s kò nílò ju méjì-méjì lọ́nà méjì (mẹ́rin) lọ.

Pọ́ọ̀tù blocking máa ń ṣí bí BPDU kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ nígbà tí wáyà ṣì wà láàyè, bíi kí okùn fáíbà kan já, kí èkejì máa ṣiṣẹ́. Àmì rẹ̀ ni kí iná gbogbo pọ́ọ̀tù máa ṣẹ́jú pa pọ̀ láìdẹwọ́, kí lọ́ọ̀gì sì máa sọ pé MAC kan ń fò láti pọ́ọ̀tù dé pọ́ọ̀tù. Yọ ọ̀kan nínú àwọn wáyà àfikún kí o tó tún swíìṣì tàn. UDLD àti loop guard, ètò ààbò inú swíìṣì, ló ń dènà kí pọ́ọ̀tù ṣí báyìí.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀

Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, bí iná ọba bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ gbà á, swíìṣì tí kò sí lórí UPS á tún ara rẹ̀ tàn, wọn á sì tún root yàn. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí pọ́ọ̀tù lásán á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ọ̀pọ̀ ti ń gba àdírẹ́sì 169.254, èyí tí kọ̀ǹpútà ń fún ara rẹ̀ bí kò bá rí ti nẹ́tíwọ̀kì gbà, kí ó tó pé. PortFast, ètò tó ń jẹ́ kí pọ́ọ̀tù ṣí lójú ẹsẹ̀, ló ń yanjú èyí. Pọ́ọ̀tù kọ̀ǹpútà nìkan ni kí a fi sí, pẹ̀lú BPDU Guard (ó ń ti pọ́ọ̀tù tí BPDU bá gbà wọlé), kì í ṣe ti swíìṣì sí swíìṣì. Bí BPDU Guard bá gbé pọ́ọ̀tù sí err-disabled (títì nítorí àṣìṣe), a ó kọ́kọ́ yọ wáyà tó fà á, lẹ́yìn náà ni a ó lo `shutdown` àti `no shutdown`.