Ọ̀dà Ló Kẹ́yìn: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Sọ Ògbólógbòó Muscle Car Di Ọ̀tun

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ògbólógbòó muscle car, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló sábà máa ń gbà á lọ́kàn jù. Kò tíì mọ̀ bóyá ilẹ̀ ọkọ̀ náà ṣì le, ṣùgbọ́n ó ti mọ irú pupa tó fẹ́ kùn ún. Iṣẹ́ àtúnṣe ara ọkọ̀ ni mò ń ṣe jẹun, ohun tí mo sì máa ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé ọjọ́ tí a ó fín ọ̀dà kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo oṣù tí a ó fi tọ́jú irin dè é, àti pé ọ̀dà tó ń dán kì í bo àbùkù mọ́lẹ̀, ńṣe ló máa ń tú u síta. Ibi tí irin bá ti tẹ̀, ibi tí a kò bá fá dáadáa, ibi tí ìpẹtà bá fara pamọ́ sí, gbogbo rẹ̀ ni yóò hàn nígbà tí oòrùn bá tàn sí i.

Àwọn ọkọ̀ tí mò ń sọ ni àwọn tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1964 títí dé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) ńlá bọ ara ọkọ̀ tí kò tóbi jù. Pontiac GTO ti ọdún 1964 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà sí àkọ́bí wọn. Chevelle SS, Dodge Charger, Camaro àti Plymouth Road Runner tẹ̀ lé e. Ford Mustang, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1964, náà wà lára àwọn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń rà. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nípa èyí tí ẹ bá rà ni bí wọ́n ṣe to egungun rẹ̀. GTO àti Chevelle ní ṣáàsì lábẹ́, wọ́n sì gbé ara ọkọ̀ lé e lórí, wọ́n fi bóòtù dè é. Ní ti Mustang, Charger àti Road Runner, ara ọkọ̀ náà ni ṣáàsì, nítorí ńṣe ni wọ́n jó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Camaro wà láàárín méjèèjì, torí pé apá iwájú rẹ̀ nìkan ló ní ṣáàsì tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ara. Nítorí náà, bí ìpẹtà bá wọ ilẹ̀ Mustang, kì í ṣe ibi tí à ń gbẹ́sẹ̀ lé nìkan ló ń jẹ, agbára ọkọ̀ náà ló ń jẹ. Ẹni tó bá gé ilẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò láì kọ́kọ́ jó ọ̀pá irin dábùú ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn kí ara ọkọ̀ má baà yẹ̀, lè jó ilẹ̀ tuntun tán kó wá rí i pé ilẹ̀kùn kò pa dé mọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá òòfà kékeré kan, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kó má baà ha ọ̀dà, kí ẹ sì máa gbé e lé ara ọkọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, pàápàá ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà àti ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn. Ibi tí òòfà kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin, bọ́dì-fílà (àpòpọ̀ tó máa ń le, tí a fi ń tẹ́ ojú irin) ló wà níbẹ̀, ìpẹtà sì lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo ilẹ̀. Ẹ ṣí búùtù, ẹ wo abẹ́ táyà ìpààrọ̀. Ẹ wo abẹ́ bátìrì, nítorí ásíìdì kì í fi irin ibẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi fáínẹ́ẹ̀lì (awọ oníke) bo òrùlé rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ etí gíláàsì ẹ̀yìn, torí pé omi máa ń há sábẹ́ fáínẹ́ẹ̀lì náà, yóò jẹ irin ibẹ̀, yóò sì gba ibẹ̀ ṣàn lọ sínú búùtù. Ní ti Mustang àwọn ọdún 1960, ibi tó burú jù ni ojú ihò afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ wínsìkíríìnì. Ẹ da omi sínú ihò náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti inú ọkọ̀. Bí omi bá kán sí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, irin inú lọ́hùn-ún ti jẹ, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré, nítorí pé wẹ́dà gbọ́dọ̀ tú àwọn ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kó tó lè dé ibẹ̀.

Lójú tèmi, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ le sàn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ju èyí tó ń rìn ṣùgbọ́n tí ìpẹtà ti jẹ lọ. Ohun èlò tuntun fún ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ṣì pọ̀ lọ́jà títí di òní. Chevrolet bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe V8 rẹ̀ kékeré ní ọdún 1955, kò sì tíì sí ìṣòro láti rí ohun tí a fẹ́ fi tún un ṣe. Iṣẹ́ ìpẹtà ni kò ṣeé mọ ibi tó máa parí sí.

Bí ẹ bá fẹ́ tú ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò àwọn pátákó irin kéékèèké tí ilé-iṣẹ́ kàn mọ́ ọn. Ní ara ọkọ̀ Ford, ẹ wo ilẹ̀kùn. Ní ti General Motors, tó ṣe GTO, Chevelle àti Camaro, ẹ wo ibi tó wà nísàlẹ̀ wínsìkíríìnì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ní ti Chrysler, tó ni Dodge àti Plymouth nígbà náà, ẹ wo inú fẹ́ńdà. Àmì ọ̀dà tí ọkọ̀ náà bá jáde láti ilé-iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú èyí tó ṣọ̀wọ́n, àwọ̀ yẹn ni àwọn olùrà máa ń fẹ́ rí. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ kùn. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan pátákó VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀), nítorí pé òfin ń bẹ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ máa tú u ní apá kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ya fọ́tò ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì kó bóòtù àti nọ́ọ̀tì apá kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára. Ohun kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń gbàgbé: lẹ́yìn fẹ́ńdà, ní ibi tí bóòtù ti wọlé, ẹ ó rí àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké tí ilé-iṣẹ́ ki bọ àárín kí àlàfo fẹ́ńdà àti ilẹ̀kùn lè dọ́gba. Ẹ kọ iye tó wà lẹ́yìn bóòtù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bákan náà, ẹ má ju rọ́bà tó ti gbó tàbí irin tó ti jẹ nù títí tí ẹ ó fi gbé tuntun tì í, tí ẹ ó sì rí i pé wọ́n bá ara wọn mu.

Ọ̀dà àtijọ́ ọkọ̀ wọ̀nyí lè ní òjé nínú, òjé sì jẹ́ májèlé. Ẹ má ṣe fá a láì lo ìbomú tó ń sẹ́ eruku kíkúnná, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí. Àwọn kẹ́míkà ìbọ́dà tó ní methylene chloride ti pa ènìyàn nínú ilé tí afẹ́fẹ́ kò ti ráàyè wọlé. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fòfin de títà rẹ̀ fún aráàlú ní ọdún 2019. Ní ti fífi yanrìn fín irin, èmi kì í gbà kí wọ́n fín in sí òrùlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ojú ilẹ̀kùn, nítorí pé irin pẹlẹbẹ gbígbòòrò máa ń wú, kì í sì í padà sípò bọ̀rọ̀. Ṣáàsì àti àwọn irin tó nípọn ni kí ẹ fi í ṣe. Sánpépà 80 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí i ni sánpépà ń kúnná sí i) àti sùúrù tó fún ìyókù.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló yẹ kí ẹ bọ́ dé irin. Ẹ rẹ aṣọ funfun sínú tínà lákà, ẹ fi nu ibi tó fara sin. Bí ọ̀dà bá rọ̀ tó sì ń ràn mọ́ aṣọ náà, lákà ni, irú ọ̀dà tí General Motors ń lò nígbà náà. Ford àti Chrysler ní tiwọn ń lo ẹnámẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ooru sun. Ẹ má ṣe fín ọ̀dà òde òní lé lákà tó ti sán lórí, torí tínà inú rẹ̀ yóò gbé e sókè, yóò sì ká jọ. Irin tí ẹ bá ti bọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ níhòòhò. Òógùn ọwọ́ nìkan tó láti mú un dípẹtà. Ẹ fi omi ìnu-ọ̀rá nù ún, kí ẹ sì fín práímà epoxy (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dáàbò bo irin) sí i.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an la dé yìí. Bọ́dì-fílà wà fún títẹ́jú ohun tí òòlù ti sún mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, kò sì yẹ kó nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Kì í dí ihò; ihò ni kí ẹ gé títí dé irin tó le, kí wẹ́dà sì jó tuntun sí i ní tótòtó, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kí ooru má baà wọ́ irin náà. Nígbà tí fílà bá gbẹ, ẹ fá a ní gbígbẹ, nítorí pé ó máa ń fa omi mu, omi náà ni yóò sì wú ọ̀dà lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má ṣe fi ìka ọwọ́ ti sánpépà. Pátákó gígùn ni kí ẹ fi gbé e, kí ẹ sì máa fà á ní ìdábùú, láti òkè apá kan lọ sí ìsàlẹ̀ apá kejì, lẹ́yìn náà kí ẹ yí ìdábùú náà padà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fín práímà tó nípọn lé e, ẹ wọ́n ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ sí gbogbo ojú rẹ̀, bí eruku lásán, kí ẹ sì tún gbé pátákó sí i pẹ̀lú sánpépà 180 tàbí 220. Nígbà tí ẹ bá ti fà á díẹ̀, ibi gíga yóò mọ́, ibi tó tẹ̀ yóò ṣì dúdú. Bí irin bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú níbi gíga nígbà tí dúdú ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró: fífá kò lè yanjú ìyẹn mọ́, àfi kí ẹ tún fín práímà, kí ẹ tún wọ́n dúdú, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sú níbí, tí wọ́n sì máa ń dá ara wọn lójú pé ọ̀dà yóò bò ó. Kò ní í bò ó. Ìgbà tí dúdú bá tán pátápátá láì jẹ́ pé irin yọ ni kí ẹ tó lọ sí 320, kí ẹ sì fi 400 tàbí 600 parí rẹ̀. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ to ilẹ̀kùn, fẹ́ńdà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì padà sára ọkọ̀ kí ẹ wo àlàfo àárín wọn, torí pé ẹni tó bá dúró di ẹ̀yìn ọ̀dà kó tó ṣe é ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha ọ̀dà tuntun.

Ní ti irú ọ̀dà, ẹ má ṣe fi dúdú bẹ̀rẹ̀, nítorí pé gbogbo ìgbì ara irin ló máa ń fi hàn. Ẹ má sì ṣe fi ọ̀dà onímẹ́tálíìkì bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ọwọ́ bá yára níhìn-ín tó sì lọ́ra lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn àti fẹ́ńdà yóò di àwọ̀ méjì. Ọ̀dà aláwọ̀ kan tí dídán rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí kò nílò klíà (ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán) lórí, rọrùn jù, ó sì sún mọ́ bí ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe rí nígbà tí wọ́n jáde.

Ṣùgbọ́n háádínà (ohun tí a ń pò mọ́ ọ̀dà kó lè le) ti ọ̀dà òde òní àti ti klíà ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní isocyanate nínú. Ó máa ń fa ikọ́ fée, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀nba kékeré lè dá a gúnlẹ̀ títí ayé. A lè má gbọ́ òórùn rẹ̀ títí tí yóò fi ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí nìyẹn tí ìbomú oníkátíríìjì kò fi ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìbomú tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń gba ọ̀pá wọ̀ láti ìta ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú aṣọ tó bo gbogbo ara. Nítorí èyí, ìmọ̀ràn mi fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé kí wọ́n ṣe gbogbo iṣẹ́ dé orí práímà fúnra wọn, kí wọ́n wá gbé ọkọ̀ náà lọ fún ẹni tó ní yàrá ìfín-ọ̀dà. Kò dín ẹ̀tọ́ yín lórí iṣẹ́ náà kù rárá.

Bí ẹ bá ní ohun èlò yìí tí ẹ sì fẹ́ fín in fúnra yín, ẹ lo ìbọn ìfín-ọ̀dà tí ihò ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.3 tàbí 1.4, kí ẹ di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 mú láàárín ìbọn àti irin, kí ìlà ọ̀dà kọ̀ọ̀kan sì bo ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ máa lọ kí ọ̀dà tó jáde, ọ̀dà sì gbọ́dọ̀ dá kí ọwọ́ tó dúró. Ẹ fi bọ́nẹ́ẹ̀tì àlòkù kan kọ́ ọ ná. Ẹ rí i pé ohun tó ń gba omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ sì jẹ́ kí òróró ìdán-táyà àti ohunkóhun tó ní sílíkọ́ọ̀nù jìnnà sí ibẹ̀, nítorí pé díẹ̀ lára rẹ̀ ló máa ń mú kí ọ̀dà sá sẹ́yìn, kó fi ihò róbótó sílẹ̀. Ẹ dúró fún iye ìṣẹ́jú tí ìwé ọ̀dà náà bá sọ kí ẹ tó fín ìpele kejì. Bí ọ̀dà bá ṣàn, ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ; ìka ọwọ́ tó bá fẹ́ nù ún ni yóò sọ iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ di iṣẹ́ odindi ọjọ́.

Bó bá ti le dáadáa, tí ojú rẹ̀ sì rí bí èèpo ọsàn, sánpépà olómi 1500, 2000 àti 3000 ni yóò tẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ẹ̀rọ dán an. Ẹ lẹ téèpù mọ́ gbogbo etí irin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀dà kì í nípọn ní etí, ẹ̀rọ a sì máa ká a dé práímà kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ fi téèpù náà sílẹ̀ títí tí ẹ ó fi to bọ́ńpà àti ilẹ̀kùn padà, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀dà náà pé oṣù kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ìwé ọ̀dà bá ṣe sọ, kí ẹ tó fi ìda pa á, torí pé tínà inú rẹ̀ ṣì ń jáde ní gbogbo àsìkò yẹn.