Mo ti di àtúnbí, kí ló dé tí ara mi ṣì ń gbóná?

Ìbéèrè: Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti fayé mi fún Jésù, síbẹ̀ mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ mì. Bó bá ti dé ọ̀nà ọ̀fun, ó ti bọ́ síta nìyẹn. Àbí àtúnbí mi ò jinlẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ wo Pétérù. Lálẹ́ tí wọ́n mú Jésù, idà ló fà yọ, ó sì gé etí ọ̀tún ìránṣẹ́ olórí àlùfáà. Lẹ́yìn àjíǹde ńkọ́? Nínú Jòhánù 21, Jòhánù ló kọ́kọ́ dá Jésù mọ̀ láti inú ọkọ̀. "Olúwa ni," ó kàn sọ ọ́ lẹ́nu. Pétérù ti gbé ẹ̀wù wọ̀, ó ti bẹ́ sómi. Ta ní ń múra kó tó bẹ́ sómi? Èbúté ò sì jìnnà ju nǹkan bí igba ìgbọ̀nwọ́ lọ. Àwọn yòókù jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n wọ́ àwọ̀n ẹja bọ̀. Jésù ò bá a wí fún ìwàǹwára yẹn. Ó bi í bóyá ó fẹ́ràn òun, ó sì ní kó máa bọ́ àgùntàn òun. Ẹnu tó ń yá yẹn náà ló fi dáhùn lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, nígbà tí àwọn èèyàn ń pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní ọ̀mùtí.

Ìbéèrè: Ṣé mo wá lè máa sọ pé bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú, torí ẹni tó ti bú ọmọ ọlọ́mọ tán ló sábà máa ń sọ ọ́. Jákọ́bù àti Jòhánù, tí Jésù sọ ní "ọmọ àrá", fẹ́ kí iná ọ̀run jó abúlé àwọn ará Samáríà kan tí kò gbà wọ́n lálejò. Jésù bá wọn wí. Nígbà tó yá, nínú Ìṣe 8, Jòhánù yìí kan náà bá Pétérù lọ sí Samáríà, wọ́n ń gbọ́wọ́ lé àwọn tó gbà gbọ́ níbẹ̀ kí wọ́n lè gba Ẹ̀mí Mímọ́. Ìkóra-ẹni-níjàánu wà lára èso Ẹ̀mí nínú Gálátíà 5. Ẹnìkan kì í sì í kó òkú ẹṣin níjàánu.

Ìbéèrè: Wọ́n ní oríṣi ìwà àbínibí mẹ́rin ló wà. Ṣé Bíbélì ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́ ló ti wá, àwọn tó gbà pé ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti oríṣi òróǹro méjì ló ń darí ara àti ìwà èèyàn. Ó dára fún ẹ̀rín ní ìpàdé tọkọtaya.

Ìbéèrè: Ọmọ mi kì í dá sọ́rọ̀. Arábìnrin kan ní ẹ̀mí kan ló di ahọ́n rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ o. Bíbélì ò kọ ìwàásù àpọ́sítélì Áńdérù kankan sílẹ̀. Òun ló mú Pétérù wá sọ́dọ̀ Jésù, òun náà ló sì rí ọmọdékùnrin tó ní àkàrà ọkà báálì márùn-ún àti ẹja méjì.